Ìbọn Tí Kò Tàpá Jù: Bí A Ṣe Ń Yan Katúṣì fún Ẹtu àti Ìgalà

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Kpankou àti ní àwọn abúlé tó yí i ká ló gbàgbọ́ pé ìbọn tó bá ń tàpá ni ìbọn tó lágbára. Bí ìbọn bá gbá wọn ní èjìká tí ibẹ̀ wú, wọn a ní: «Èyí ni yóò pa ẹran!» Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ẹ rántí ọrun àti ọfà tí àwọn baba wa fi ń dẹ igbó. Ọrun kì í gbá ẹnikẹ́ni ní èjìká, síbẹ̀ ó ń pa ẹran. Ọrun àti ọfà náà ni wọ́n fi ń ya àwòrán Ọ̀ṣọ́ọ̀sì títí dé Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ọba Kétu.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ ń tàpá jù. Lẹ́yìn tí ìbọn bá ti gbá a lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Kí ó tó fa ìbọn, ojú rẹ̀ yóò ti dì, èjìká rẹ̀ yóò ti sún sẹ́yìn. Ẹnu ìbọn yóò gbé sókè díẹ̀, tàbí kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́. Ọta tó yẹ kó bá ìgalà ní àyà yóò bá a ní ikùn tàbí ní itan. Ìgalà náà yóò sá wọ inú igbó. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì ni yóò tó kú, igún ni yóò sì jẹ ẹ́. Katúṣì ti ṣòfò, ẹran ti ṣòfò, ẹran náà sì ti jìyà lásán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọta tó yà yẹn lè lọ bá obìnrin tó ń ṣa igi nínú oko. Ọ̀rọ̀ tó kan oúnjẹ, tó kan ìlera, tó sì kan àlàáfíà abúlé ni ọ̀rọ̀ katúṣì.

Kí ló wà nínú katúṣì?

Katúṣì ni àwa ń pè é, nítorí pé cartouche ni àwọn Faransé ń pè é. Ara rẹ̀ jẹ́ ike tàbí páálí, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ idẹ. Ní àárín ìdí náà ni ohun róbótó kékeré kan wà. Òun ni irin ìbọn máa ń gún kí iná lè tàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀tù wà. Lẹ́yìn ẹ̀tù ni ike tó ń ti ọta jáde wà, lẹ́yìn náà ni hóró ọta fúnra wọn, tí a fi òjé ṣe.

Ẹ ṣàkíyèsí àmì ohùn níhìn-ín. «Ẹtu» ni ẹran tó ń sáré nínú igbó. «Ẹ̀tù» ni ohun tó ń gbiná nínú ìbọn. Ọdẹ tó bá kọ ìwé sí ọmọ rẹ̀ láìfi àmì sí i lè rí i kí ọmọ náà gbé ẹran dé dípò ohun tí ó rán an.

Kí ló dé tí ìbọn fi ń tàpá?

Ẹ ronú nípa ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí odò Ouémé. Bí ó bá fò sí èbúté, ọkọ̀ yóò sún padà sẹ́yìn. Bí ẹni náà bá sanra, ọkọ̀ yóò sún púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, díẹ̀ ni yóò sún. Bí ọkọ̀ náà bá tóbi tó sì wúwo, kò ní mì púpọ̀. Bí ìbọn ṣe rí nìyẹn. Ọta ni ẹni tó fò, ìbọn ni ọkọ̀, èjìká yín ló sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Isaac Newton, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ òfin yìí sínú ìwé ní ọdún 1687, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí i.

Nítorí náà, bí ọta inú katúṣì bá ṣe wúwo tó ni ìbọn yóò ṣe tàpá tó. Ẹ mú ìbọn kan náà. Ẹ fi katúṣì tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 36 sí i, lẹ́yìn náà ẹ fi ti gíráàmù 24 sí i. Bí ọta méjèèjì bá ń sáré bákan náà, agbára tí èyí kejì fi ń gbá èjìká dín sí bí ìdajì ti àkọ́kọ́. Bí ẹ̀tù bá pọ̀, tí ọta sì ń sáré jù, ìtàpá yóò pọ̀ sí i. Ti ìbọn fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìbọn tó wọn kílò 3 àti ààbọ̀ máa ń gbé ìtàpá náà mì ju èyí tó wọn kílò 2 àti ààbọ̀ lọ. Ìbọn fífúyẹ́ dùn ún gbé lọ sí oko, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìbọn fífúyẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi katúṣì wíwúwo sínú rẹ̀.

Ẹni tó ń lo ṣakabùlà kò ní katúṣì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń da ẹ̀tù, òun ló sì ń da ọta. Òun ni ìbọn ń tàpá fún jù, nítorí pé bí ẹran bá sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lánàá, ó máa ń fi ẹ̀tù kún un lónìí. Ìbọn bẹ́ẹ̀ ti gé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀tù tó pọ̀ kò lè tún ojú tó dì ṣe.

Bí a ṣe ń ka páálí katúṣì

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí olùtajà máa kà á fún yín. Ẹ gba páálí náà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ohun àkọ́kọ́ ni kalíbà: «Cal. 12», «Cal. 16», «Cal. 20». Ìyàlẹ́nu ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé 12 ni ó tóbi jù, tí 20 sì kéré. Ìdí rẹ̀ nìyí. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń mú ìwọ̀n òjé kan tó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 453. Bí wọ́n bá pín in sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba, ìbọn tí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ẹnu rẹ̀ géérégé ni kalíbà 12. Bí wọ́n bá pín in sí 20, ọta yóò kéré, ẹnu ìbọn náà yóò sì kéré. Ẹnu kalíbà 12 fẹ̀ tó mílímítà 18 àti ààbọ̀. Ti 16 kò pé 17, ti 20 kò pé 16. Kalíbà kan tún wà tí wọ́n ń kọ báyìí: «410». Ẹnu rẹ̀ kò ju mílímítà 10 àti díẹ̀ lọ, wọn kò sì fi òjé wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn kalíbà, ẹ óò rí nọ́ńbà mìíràn: 65, 67, 70 tàbí 76. Gígùn katúṣì ni, ní mílímítà, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí. Wọ́n máa ń kọ wọ́n pọ̀ báyìí: «12/70». Irú nọ́ńbà yìí wà lára irin ìbọn pẹ̀lú. Katúṣì kò gbọ́dọ̀ gùn ju ohun tí irin ìbọn sọ lọ. Katúṣì 70 lè wọ inú ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún 65, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ká pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá yìn, kò ní rí àyè ṣí. Èéfín yóò há, ìbọn yóò tàpá bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, irin rẹ̀ sì lè ya. Bí ẹ bá rí ìwé «Magnum», ẹ mọ̀ pé ẹ̀tù tàbí ọta inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Kò sí ohun tí ọdẹ Kpankou ń wá nínú Magnum. Ibi tí a ti ń yìnbọn sí ẹtu kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ìwúwo ọta ló tẹ̀lé e: «28 g», «32 g», «36 g». Nọ́ńbà yìí ni èjìká yín fẹ́ mọ̀. Ní ìkẹyìn, ẹ óò rí ìtóbi hóró ọta, bíi «N° 2» tàbí «N° 6». Gẹ́gẹ́ bí ti kalíbà, nọ́ńbà kékeré ni hóró ńlá. Nínú katúṣì Faransé, hóró nọ́ńbà 1 fẹ̀ tó mílímítà 4, nọ́ńbà 4 tó 3,25, nọ́ńbà 6 tó 2,75. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi jù lọ, wọn kì í fi nọ́ńbà pè é. Wọ́n ń kọ «chevrotine», wọn a sì sọ iye hóró tó wà nínú rẹ̀: 9, 12, 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí á yàn?

Ẹtu kì í sábà ju kílò 20 lọ. Akọ ìgalà lè tó kílò 50. Kò yẹ kí á fi ohun kan náà pa àwọn méjèèjì.

Fún ẹtu, bí kò bá jìnnà ju mítà 25 lọ, kalíbà 16 tàbí 20 tí ọta rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 26 sí 28, tí hóró rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà 1 tàbí 2, ti tó. Ẹni tó ní kalíbà 12 kò nílò láti ra ìbọn mìíràn. Kí ó wá katúṣì gíráàmù 28 tàbí 30, kí ó fi èyí tó jẹ́ 36 sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìgalà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró kéékèèké yóò dúró sí awọ àti ẹran ara rẹ̀, wọn kò ní dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Chevrotine hóró 9 nínú kalíbà 12 tí kì í ṣe Magnum ló dára jù, ní mítà 25 tàbí kí ó sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, hóró 9 yìí yóò ti tú ká, ọ̀kan tàbí méjì ni yóò ba ẹran. Lójú tèmi, ọdẹ tó bá lè rìn jẹ́jẹ́ títí yóò fi kù mítà 20 ti borí ẹni tó ra katúṣì olówó ńlá. Àwọn àgbà ọdẹ tó ń bá wa kọ́ ìwé kò bá mi jiyàn lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan yòókù.

Ẹ ṣọ́ra fún chevrotine o. Hóró kan nínú rẹ̀ tí kò bá ba ẹran lè lọ jìnnà tó mítà 600. Hóró nọ́ńbà 6 kì í lọ tó ìdajì ìyẹn. Nítorí èyí ni òfin ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ kò fi gba ọdẹ láyè láti lo chevrotine, àfi ní àwọn ibì kan. Nínú ẹ̀gàn àti oko wa tó sún mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìn ín bí kò bá rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà. Ọta ẹyọ kan tó wúwo, èyí tí wọ́n ń kọ «balle» sí, tún burú jù ú lọ: ó ń lọ jìnnà gan-an, ó sì wà lára àwọn tó ń tàpá jù.

Àwọn kan yóò béèrè pé: bí ìtàpá kékeré bá dára, ṣé kí á kúkú ra 410? Rárá. Ọta inú rẹ̀ kò pọ̀ tó. Ó dára fún ehoro àti àparò. Ẹni tó bá fi yin ìgalà yóò kàn dá ọgbẹ́ sí i lára ni.

Ohun tí àwọn ọdẹ ibòmíràn ti rí

Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ẹran kan wà tó jọ ìgalà wa. Ìwé Faransé ń pè é ní cerf. Kì í ṣe ẹbí kan náà: ìwo tirẹ̀ máa ń já dànù lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Ìwo ìgalà kì í já. Ìbọn carabine, tó ń yin ọta ẹyọ kan, ni wọ́n sábà ń lò fún un. Àwọn náà ti jiyàn lórí ìtàpá títí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo katúṣì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní .30-06, tí ọta rẹ̀ sábà máa ń wọn gíráàmù 10 sí 12. Láti ọdún 1955, wọ́n ń rí èyí tó kéré jù ú, .243, tí ọta rẹ̀ kò ju gíráàmù 6 àti ààbọ̀ lọ. Ìtàpá rẹ̀ tó bí ìdajì ti àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ fi ń pa ẹran náà dáadáa, nítorí pé wọn kì í di ojú.

Ọkùnrin ará Scotland kan wà, W. D. M. Bell, tó kú ní ọdún 1954. Ó dẹ igbó kiri Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ó pa erin tó lé ní 1 000. Ìwà yẹn kò yẹ kí á yìn ín lónìí, nítorí erin ti kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fi pa púpọ̀ nínú wọn ni ó yẹ kí á gbọ́: carabine mílímítà 7, ohun kékeré tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín. Bell ti kẹ́kọ̀ọ́ ibi tí ọpọlọ àti ọkàn erin wà. Ó sì yan ọta líle tí kì í fọ́, tó ń wọ inú lọ tààrà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìbọn ńlá gbá ara wọn lulẹ̀.

Èjìká àti etí

Ẹ ti ìdí ìbọn mọ́ èjìká dáadáa kí ẹ tó yìn ín. Bí àyè bá wà láàárín wọn, ìbọn yóò sáré kí ó tó gbá yín, ó sì lè ṣẹ́ egungun ọrùn èjìká. Ẹ lè gé rọ́bà bàtà àtijọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn. Ó rọrùn, kò náni lówó, èjìká a sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ fún un ní katúṣì tó fúyẹ́ jù lọ tí ẹ bá rí, gíráàmù 24 tàbí 28, kí ó fi yin pákó ní mítà 20. Bí ẹ bá fi èyí tó le bẹ̀rẹ̀, ẹ ti kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù ìbọn nìyẹn. Ìbẹ̀rù ọ̀hún kì í tètè lọ.

Ìró ìbọn náà ń pa etí díẹ̀díẹ̀. Ọdẹ tí kò gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀ mọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, ìbọn ló ṣe é. Òwú lásán kò tó láti dí etí. Ohun ìdí-etí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn sàn jù ú.

Ewu tó burú jù

Má ṣe jẹ́ kí katúṣì 20 àti katúṣì 12 wà nínú àpò kan náà. Katúṣì 20 kéré, nítorí náà yóò yọ́ wọ inú ìbọn 12, yóò sì há sí àárín ọ̀pá rẹ̀. Ọdẹ yóò fa ìbọn, kò ní dún. Yóò ṣí i, yóò rí i pé ó ṣófo, yóò rò pé òun gbàgbé láti kì í. Yóò fi katúṣì 12 sí i. Nígbà tí ó bá tún fà á, méjèèjì lè bú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá ìbọn yóò sì ya ní ibi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe ara katúṣì 20. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní àwọ̀ náà.

Bí katúṣì bá kọ̀ tí kò dún, ẹ di ìbọn mú, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ ka 1 dé 60 kí ẹ tó ṣí i. Iná lè pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù.

Bí ẹ bá ń ra ìbọn tàbí katúṣì, ẹ mú ìwé àṣẹ yín dání. Òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹran igbó ní Benin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Eaux et Forêts irú ẹran tí a lè pa àti àkókò tí ó ṣí sílẹ̀. Igbó ọba Dogo àti ti Kétou kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lè kàn wọ̀ lọ dẹ ọdẹ.

Òjé inú ẹran

Ohun tí a kì í sọ fún àwọn tó ń se ọbẹ̀ nìyí. Òjé jẹ́ májèlé. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń dúró sí egungun, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, ó tó ọmọdé 400 tó kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ láti wá wúrà. Ti ọdẹ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Láti oṣù kejì ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ka yíyin hóró òjé léèwọ̀ ní àwọn ibi àbàtà.

Bí hóró bá wọ inú ẹran, ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, pàápàá bí ó bá kan egungun. Nítorí náà, ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má ṣe jù ú fún ajá. Kí aláboyún àti ọmọ kékeré má jẹ nínú apá tí ọta bà rárá. Ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan rẹ ẹran náà, nítorí kíkan rẹ̀ ń mú kí òjé yọ́ sínú ọbẹ̀. A máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ọdẹ wa ń fúnni, ilé mẹ́fà tàbí méje sì lè jẹ nínú ìgalà kan. Ẹni tó gé ẹran náà ní àkọ́kọ́ ló ń gbèjà ilé méjèèje.

Hóró tí wọ́n fi irin ṣe wà pẹ̀lú, kò ní òjé. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà agbára rẹ̀ tètè ń tán, ó sì le débi pé ó lè ba ọ̀pá ìbọn àtijọ́ jẹ́. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò bá ní àmì pé ó lè gbà á, kí ó má ṣe lò ó.

Àwọn tó ń yọ́ òjé fúnra wọn láti fi ṣe ọta, ẹ má ṣe yọ́ ọ nínú ilé ìdáná, ẹ má ṣe lo ìkòkò tí a óò tún fi se oúnjẹ. Èéfín rẹ̀ gan-an ni májèlé. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀, kí wọ́n má sì fi hóró ọta ṣeré tàbí kí wọ́n fi sí ẹnu. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ tàbí kí ẹ tó jẹun, ẹ sì bọ́ aṣọ tí ẹ fi ṣe é kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.